Ìgò Méjì ní Dada

Ọmọ náà wọ ẹbu wa ní Dada ní Àlàmísì, ó gbé àpótí dání,
ó ní orúkọ òun ni Nùrátù, àwọn elétò ìlera ló rán òun.
Ó ju okùn sínú kànga,
ó fa omi, ó wò ó, kò mu ún.
Èyí gan-an ló kọ́kọ́ bí wa nínú:
àlejò tó wọlé ẹni tó kọ omi.

Ó ní kòkòrò wà nínú rẹ̀, ojú ò lè rí i.
Mo ní, "Ìwọ ṣe wá rí i?"
Ó mú ìwé jáde, nọ́ńbà kún un bí èèrà orí ṣúgà.
Ìwé náà ò bá mi sọ̀rọ̀.

Làámídì, àna mi, ní àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.
Àfáà Sálíhù bu omi náà sátẹ́lẹwọ́,
ó tọ́ ọ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn:
"Àwọ̀ ò yí, adùn ò yí, òórùn ò yí.
Òun la fi ń ṣe àlùwàlá láti ayé bàbá mi."
Ta ni yóò jiyàn? Bàbá wa ló gbẹ́ kànga yìí
lọ́dún tí ọ̀dá mú, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó.
Ẹni tó bá ní omi náà ò dáa, bàbá ló bú.

Mo gbàgbé láti sọ
pé ṣáláńgá wà lẹ́yìn ògiri, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ péré.
Mo gbàgbé ọmọ Ráfátù, tí ìgbẹ́ gbuuru mú lẹ́ẹ̀mẹta
láàárín òjò yìí.
A ní eyín ló ń hù.

Ìyá mi ò sọ nǹkan kan. Ìkòkò ló ń kàn.
Tí ìkòkò bá ti inú iná bọ́,
wàá fi ìka kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá dẹ etí.
Èyí tó bá dún gbangan, ó yè.
Èyí tó bá dún pọ̀ọ́, ó ti sán nínú,
bó tilẹ̀ ń dán níta bí ojú ìyàwó.
Ó gbé ọ̀kan sápá kan, ó wá gbójú sókè:
"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fi ń kan omi?"

Nùrátù dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín,
ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rí eyín rẹ̀ láti òwúrọ̀.
Ó yọ ìgò kékeré kan, bébà pélébé wà nídìí rẹ̀.
"Ẹ bu omi sí i. Ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ sùn.
Bó bá dúdú, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀."
Ìyá mi ní, "Mú méjì wá."
Òjò òru wà nínú ìkòkò tuntun láàárín àgbàlá;
ó bu ìyẹn sí ọ̀kan, ó bu ti kànga sí èkejì.
Òun fúnra rẹ̀ ló dé ìdérí,
kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, Nùrátù pàápàá.
Ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú tó ṣì gbóná.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbá, ó jí mi: "Tan tọ́ọ̀ṣì."
Ti òjò ṣì mọ́ gaara.
Ti kànga dúdú, ẹ̀yin èèyàn,
dúdú bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi èèpo irúgbá.

Àfáà gbé ìgò náà sókè, ó pẹ́ níbẹ̀.
"Àwọ̀ ti yí." Kò fi kún un.

Làámídì ní oògùn ni wọ́n fi sí bébà.
Ti òjò ńkọ́? Kò dáhùn. Ó fa omi, ó mu ún lójú wa,
ó ṣì ń mu ún títí dòní, ó ní inú ò run òun rí.
Ìyàwó rẹ̀ ń se omi ní kọ̀rọ̀ kó tó gbé e fún un.

Kí n má purọ́:
n ò tíì mọ ohun tí àwọn nọ́ńbà yẹn ń wí.
Ọwọ́ ìyá mi tó dé ìdérí ni mo gbà gbọ́,
àti ọmọ tó jẹ́ ká yẹ òun náà wò.
Bí ẹlòmíràn bá gbé ìgò tirẹ̀ dé lọ́la,
n ó tún fi ìka kàn án.

Ọmọ Ráfátù ti hu eyín mẹ́rin sí i. Kò yàgbẹ́ gbuuru.

A ò dí kànga náà. Bàbá ló gbẹ́ ẹ.
Omi rẹ̀ la fi ń po amọ̀;
iná ni yóò bá kòkòrò rẹ̀ sọ èyí tó kù.